Ọmọ IVF tí kò tíì jókòó: ọjọ́ orí wo lẹ fi ń wọ̀n ọ́n?

Àwọn ìyá àgbà tó ń sin ọmọ wọn wá sọ́dọ̀ wa ní Adó-Èkìtì máa ń bi mí pé: "Dókítà, ṣé kì í ṣe torí pé inú ìgò ni wọ́n ti ṣe é ni kò ṣe tíì jókòó?"

Rárá o, màmá. Ọmọ kò dàgbà nínú ìgò. Ohun tí à ń pè ní IVF ni pé wọ́n pa ẹyin obìnrin àti àtọ̀ ọkùnrin pọ̀ síbẹ̀. Láàárín ọjọ́ 3 sí 5, wọ́n á ti gbé ọlẹ̀ sínú ilé ọmọ. Louise Brown, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí báyìí, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1978, ti di abiyamọ fúnra rẹ̀ láìlo IVF. Àwọn olùwádìí ti tẹ̀ lé irú wọn dàgbà. Ọgbọ́n orí wọn kò rẹ̀yìn sí ti ẹgbẹ́ wọn.

Àìpé oṣù ló sábà ń fa ìfàsẹ́yìn. Ọmọ IVF tó dá wà nínú oyún pàápàá lè tètè dé, ṣùgbọ́n ti ìbejì ló pọ̀ jù. Mo mọ bí ìbejì ṣe ń wu wá tó, mo sì mọ iye tí IVF ń náni. Síbẹ̀, bí dókítà bá sọ pé ọlẹ̀ kan ṣoṣo tó láti gbé sínú ilé ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà fún un.

Bí ọmọ bá fi oṣù 2 ṣáájú ọjọ́ rẹ̀, ẹ yọ oṣù 2 yẹn kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀ títí yóò fi pé ọdún 2. Mo gbé irú Táíwò bẹ́ẹ̀, ọmọ oṣù 8, sórí ẹní: ó fọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, ó jókòó díẹ̀, ó sì ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tí ọmọ oṣù 6 ń ṣe nìyẹn. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan ni ẹ kò gbọdọ̀ yọ oṣù kankan fún. Ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an ni kí ẹ fi kà á.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti yọ oṣù, tí ọmọ oṣù 9 kò lè dá jókòó, tí kì í yíjú sí ohùn, tàbí tí ọmọ oṣù 18 kò tíì rìn, ẹ má sọ pé yóò rìn bó bá yá. Ẹ gbé e wá sí ilé ìwòsàn olùkọ́ni ní Adó tàbí Ìdó-Èkìtì. Ẹ má fi IVF pa mọ́ fún dókítà, kí ẹ sì mú káàdì tí wọ́n kọ iye ọ̀sẹ̀ oyún sí dání.