Àáké ló ń mú igi ìdáná gbẹ

Bí igi tútù bá wà lábẹ́ ìkòkò, ẹ wo orí rẹ̀ tó yọ síta kúrò nínú ààrò, níbi tí wọ́n ti gé e. Iná á mú ìdí rẹ̀ tán, orí yẹn á wá bẹ̀rẹ̀ sí í hó, á máa yọ ìfófó, omi á máa kán sílẹ̀ tó, tó, tó. Ẹ wá fọwọ́ kan èèpo igi kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́: ó gbẹ. Ooru ń lé omi jáde, omi kò sì gba ẹ̀gbẹ́, orí ló ń gbà. Ẹni tó bá wo èyí dáadáa ti mọ ohun tó pọ̀ jù nínú bí igi ìdáná ṣe ń gbẹ.

Inú igi kì í ṣe ohun tó kún dí. Ká ní a kó ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ jọ rẹpẹtẹ, tí a dì wọ́n pọ̀ gírígírí, tí a wá fi nǹkan tí kò jẹ́ kí omi jò wé wọn yíká. Bẹ́ẹ̀ ni igi ṣe rí, àfi pé ihò tirẹ̀ tín-ín-rín débi pé ojú lásán kì í rí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Inú ihò wọ̀nyí ni omi ń gbà láti gbòǹgbò dé ewé nígbà tí igi ṣì wà lóòró. Èèpo ni ohun tó wé e, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kí omi má ṣòfò. A gé igi lulẹ̀ tán, èèpo kò mọ̀ pé igi ti kú; iṣẹ́ tó ń ṣe ló ṣì ń ṣe. Omi tó bá fẹ́ jáde nínú ìdì ọ̀pá ìbẹ́pẹ wa yìí, ẹnu ọ̀pá ló máa wá lọ. Bí ó bá fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́, àfi kó la ara ọ̀pá kan bọ́ sínú òmíràn, kó tún là á, kó tó wá dé ọ̀dọ̀ èèpo tí kò ní í jẹ́ kó kọjá. Nínú igi gidi, ọ̀nà orí yá ju ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 10 sí 15. Torí náà, gé ìdì náà kúrú, ọ̀nà omi kúrú. Là á sí mẹ́rin, ọ̀pá àárín tí kò fojú kan afẹ́fẹ́ rí bọ́ sí gbangba, èèpo kò sì ní agbára lórí rẹ̀ mọ́.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ kan fi ń bí ènìyàn nínú lẹ́nu àwọn tó ń ta igi: “Ó ti gbẹ o, ó ti tó oṣù mẹ́fà nínú oòrùn.” Òótọ́ ni, oòrùn ti pa á fún oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ìtì igi tó nípọn bí itan, tí èèpo ṣì wà lára rẹ̀ yípo, lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí inú rẹ̀ ṣì tutù. Ìta rẹ̀ á ti yí àwọ̀ padà, orí rẹ̀ á ti là, ẹni tó ń rà á á gbà pé gbígbẹ ló gbẹ. Bí ó bá wá jẹ́ pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló sùn sí, ikán àti olú á ti débẹ̀ kí gbígbẹ tó débẹ̀. Igi bẹ́ẹ̀ máa ń fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó jóná ni wọ́n ti jẹ.

Ohun tí omi yìí ń náni kì í ṣe kékeré. Omi lè tó ìdajì ìwọ̀n igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ẹni tó ra igi tútù kílò 10 lè ti ra omi kílò 5, iná rẹ̀ ló sì máa gbẹ omi náà kí ìkòkò tó rí ooru gidi. Gbígbẹ omi yàtọ̀ pátápátá sí kí ó hó. Ìkòkò omi tó bá hó ní ìṣẹ́jú 10, bí a bá fi í sílẹ̀ lórí iná kan náà láìdé e, ó lè ju wákàtí kan lọ kó tó gbẹ tán, nítorí ooru tó ń gbẹ omi tó nǹkan bí ìlọ́po 7 èyí tó mú un hó. Ibi tí ooru ọ̀hún ń lọ nìyẹn. Iná tó kù á rẹlẹ̀, kò ní í gbóná tó láti jó afẹ́fẹ́ tó ń ti ara igi jáde, afẹ́fẹ́ yẹn á wá di èéfín, á máa ta àwọn tó ń dín gàrí lójú. Èéfín yẹn jẹ́ iná tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ tí kò rí jó. Kẹrosíìnì tí wọ́n ń dà lé e lórí kò wo nǹkan kan sàn: òun fúnra rẹ̀ ló ń jó, tó bá jó tán, omi inú igi ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àáké ni iṣẹ́ wà, àsìkò tí a lò ó sì ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ igi rọrùn láti là nígbà tó bá ṣì tutù. Igi àyìn tí wọ́n ń gé ní Òkè-Ògùn, tí àwọn tó ń sun èédú fẹ́ràn gan-an, le púpọ̀; ẹni tó bá dúró kó gbẹ kó tó là á ti fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ ara rẹ̀. Bí orí ìtì bá ti là díẹ̀, ojú lílà yẹn ni kí ẹnu àáké bọ́ sí. Ìdí tó fi ń là nìyí: omi inú ihò ló kọ́kọ́ ń lọ, nígbà tí omi tó kù bá tó nǹkan bí 30 nínú 100 ìwọ̀n igi gbígbẹ, èyí tó wọ ara igi fúnra rẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, igi á sì máa sunkì. Sísunkì yìí ní yíyípo tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti èyí tó ń lọ láti ìta sí àárín, igi kò sì lè gbà á mọ́ra, ó gbọ́dọ̀ là. Igi ti fi ibi tó rọ̀ hàn. Ìtì ńlá, etí ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, kí a má ṣe lu àárín. Níbi tí kókó bá wà, kí a gbé e sísàlẹ̀, kí àáké gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Igi wọ́rọ́kọ́ tí í da iná rú, òun náà ló ń da àáké rú, torí ọ̀pá inú rẹ̀ ti lọ́. Kí a fi ẹ̀rọ ìgégi gé e kúrú ló dáa.

Lẹ́yìn èyí, afẹ́fẹ́ ló kù. Bí ọyẹ́ bá ti dé, afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn ń ṣe ju oòrùn tó ń mú nínú òjò lọ. Kí a to igi lílà sórí búlọ́ọ̀kù, ní òòró àti ní ìbú, kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín, kí a fi páànù bo orí rẹ̀ nìkan. Tapólì tí wọ́n fi ń wé gbogbo rẹ̀ dé ilẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ èèpo ni: omi tó jáde kò ríbi gbà.

Níbi tí ètò igi títà ti wọ́ ni pé ìdì tàbí ọkọ̀ ni wọ́n fi ń tà á, kò sẹ́ni tó ń wọn omi inú rẹ̀. Ẹni tó la igi nínú igbó, tó tò ó, tó fi oṣù ọyẹ́ dúró dè é, iye kan náà ló ń gbà pẹ̀lú ẹni tó ju ìtì sẹ́yìn ọkọ̀ lánàá. Kí ẹni tó ń rà á mú méjì nínú èyí tí wọ́n là, kó gbá wọn mọ́ra. Gbígbẹ á dún kó. Tútù á dún pù. Kó gbá wọn kó tó sanwó, kó sì fi owó lé ti ẹni tí igi rẹ̀ bá dún kó.