Mọ́tọ̀ iná tó ń rìn tààrà, àti bí wọ́n ṣe ń pa ìfà tí ò wúlò inú ẹ̀

Ẹ wá mágnẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn sípíkà tó ti bàjẹ́, kò wọ́n lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní Lágere ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ wá rọra wọ́ ọ kọjá lára irin ojú wíńdò láti ọ̀pá kan dé èkejì. Ọwọ́ yín á mọ̀ ọ́n lára: tó bá dé ibi ọ̀pá á fẹ́ dúró, tẹ́ ẹ bá fipá yọ ọ́ níbẹ̀ á tún sáré lọ lẹ̀ mọ́ èyí tó kàn. Ohun tó ń da linear motor, ìyẹn mọ́tọ̀ iná tó ń rìn tààrà dípò kó máa yí, láàmú nìyẹn gan-an.

Mọ́tọ̀ iná tá a mọ̀, ti fáànù, ti ẹ̀rọ ìlọta, yíyí ló ń yí. Ti linear dà bí ìgbà tí wọ́n la ìyẹn lójú kan tí wọ́n wá tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹní. Mágnẹ́ẹ̀tì á tò gbọọrọ, irin tí wọ́n wé kọ́ìlì mọ́ á máa sáré lórí ẹ̀ láìkàn án, irú ẹ̀ ló wà nínú àwọn ẹ̀rọ CNC kan, ìyẹn ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí láti gé irin. Irin yẹn ní eyín bí òòyà, àárín eyín ni kọ́ìlì ń gbé, eyín yìí ló sì dúró fún ọ̀pá wíńdò. Kódà kí wọ́n mú iná lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mágnẹ́ẹ̀tì ò ní yéé fa eyín. Cogging ni wọ́n ń pè é, òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ tó yẹ kó máa yọ̀ lọ bí ilá máa ta gìjà gìjà.

Ọgbọ́n tó dáa jù lójú tèmi, ìṣirò lásán ni. Tí eyín 12 bá wà lórí mágnẹ́ẹ̀tì 8, eyín 4 ló máa bá mágnẹ́ẹ̀tì ṣe kòńgẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á jọ fà, bí àwọn tó ń ti kọ̀rọ́pẹ tó kú sójú ọ̀nà ní Mayfair ṣe máa ń jọ ké “ó yá!” kí wọ́n tó ti í. Ẹ wá jẹ́ kó jẹ́ eyín 9 lórí mágnẹ́ẹ̀tì 8, kò sí eyín méjì tó máa ṣe kòńgẹ́ pọ̀ mọ́, bí ọ̀kan ṣe ń fà síwájú lòmíì ń fà sẹ́yìn, èyí tó ṣẹ́ kù ò ní tó nǹkan. Àwọn míì á jẹ́ kí mágnẹ́ẹ̀tì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kó má bá eyín dọ́gba, kó má bàa wọ orí eyín kan tán lẹ́ẹ̀kan. Ó ń ṣiṣẹ́ o, àmọ́ ó máa ń jẹ díẹ̀ nínú agbára mọ́tọ̀, ó sì lè máa tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń tò ó bíi lẹ́tà V nígbà míì.

Wàhálà kan wá wà tí mọ́tọ̀ tó ń yí ò ní rárá, torí òbìrìkìtì ò lórí kò nídìí. Irin ti linear ní orí méjì, orí kọ̀ọ̀kan ló sì ń wá mágnẹ́ẹ̀tì tó máa lẹ̀ mọ́. Wọ́n máa ń gé gígùn irin yẹn kó má jẹ́ iye mágnẹ́ẹ̀tì géérégé, kó lé ní ìdajì: tó bá jẹ́ 30 mm ló wà láti àárín mágnẹ́ẹ̀tì kan sí àárín èkejì, irin á jẹ́ 255 mm, ìyẹn 8 àti ààbọ̀. Orí kan á máa fà síwájú nígbà tí èkejì ń fà sẹ́yìn, èyí tó tóbi jù nínú ìfà yẹn á sì pa ara ẹ̀. Èyí tó bá kù, wọ́n á gbẹ́ igun orí irin yẹn kó dà bí ẹ̀yìn ṣíbí. Ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ FEMM, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, lè ṣírò ìfà orí irin yìí kí ẹnikẹ́ni tó gé irin.

Ìfà míì tún wà tó dorí kọ ilẹ̀, tí irin àti mágnẹ́ẹ̀tì ń fa ara wọn, ó sì lè ju agbára tí mọ́tọ̀ fi ń sáré lọ ní ìlọ́po mélòó kan, ẹni tó bá fìka sáàárín wọn á jẹ̀bi ara ẹ̀. Wọ́n lè to mágnẹ́ẹ̀tì sókè àti sísàlẹ̀ kí wọ́n fi irin sáàárín, kí ìfà òkè àti ti ìsàlẹ̀ lè pa ara wọn. Tàbí kí wọ́n kúkú yọ irin kúrò, kí kọ́ìlì nìkan wà nínú gọ́ọ̀mù líle: cogging tán, fífà sílẹ̀ tán, àmọ́ agbára á relẹ̀, kọ́ìlì á sì máa gbóná torí kò síbi tí ooru ń gbà jáde dáadáa.