Bí Eré Ìdárayá Ṣe Yẹ Kó Le Tó fún Ọmọ Tó Sanra Jù

Ọmọ ọdún mẹ́wàá méjì jọ ń gun Òkè Ìtasẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ìrìn wọn dọ́gba. Ọ̀kan ń ròyìn bọ́ọ̀lù tí wọ́n wò lánàá láìdánu dúró. Èkejì, tó fi nǹkan bí ogún kílò wúwo jù ú lọ, kò rí èémí dá a lóhùn. Àwọn tó ń wò ó á ní ọ̀lẹ ni, bẹ́ẹ̀ ó dà bí ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 20 gòkè. Iṣẹ́ tí ara rẹ̀ ń ṣe ju ti ẹnìkejì rẹ̀ lọ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí a kò fi lè torí pé àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń sáré, ká ní eré tiẹ̀ kò tó.

Èémí ni wọ́n fi ń wọn bí eré ṣe le tó. Bí ọmọ bá ṣì lè kọrin já gaara, ìgbafẹ́ lásán ló ń ṣe. Bó bá lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tí orin kò ṣeé kọ, eré náà wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Bí kò bá lè sọ ju ọ̀rọ̀ mélòó kan lọ kó tó tún mí, ó ti le nìyẹn. Níbi tí wọ́n bá ti ní ẹ̀rọ tó ń ka lílù ọkàn, bí ìgbà 130 sí 150 ní ìṣẹ́jú kan ni ìwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ọmọdé, ohun tó bá ju ìyẹn lọ ló le.

Ẹ wo àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣe ten-ten nígbà ìsinmi ilé ìwé. Àwọn méjì á dojú kọra, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́, wọ́n á máa fò, wọ́n á na ẹsẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ní pẹ́ tí àyà á fi máa lù kì-kì-kì. Ẹni tí wọ́n bá jẹ á yẹ̀bá, á dúró máa pàtẹ́wọ́ fún àwọn yòókù títí èémí rẹ̀ á fi balẹ̀, lẹ́yìn náà á tún wọlé. Eré tó le díẹ̀, ìsinmi díẹ̀, eré tó le díẹ̀: ọ̀nà yìí gan-an ni àwọn oníṣègùn ń lò. Ọmọ tí kò lè sáré fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko lè kó ìṣẹ́jú mẹ́wàá jọ bẹ́ẹ̀, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ á sì máa lágbára sí i.

Kí ni líle yẹn ń ṣe nínú ara? Iṣan tó ń ṣiṣẹ́ máa ń fa ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀ láìdúró de ínsúlíìnì, èròjà tí ara ń ṣe láti fi darí ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì nítorí pé ara ọ̀pọ̀ ọmọ tó sanra jù kì í gbọ́ràn sí ínsúlíìnì dáadáa mọ́, ibẹ̀ sì ni ìtọ̀ ṣúgà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní 2012, àwọn olùwádìí ní Augusta, ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, tẹ èsì iṣẹ́ wọn lórí ọmọ 222 jáde, ọmọ ọdún 7 sí 11. Fún bí ọ̀sẹ̀ 13, àwọn kan ń fi ogún ìṣẹ́jú ṣeré lójúmọ́, àwọn kan ogójì, kí ọkàn wọn máa lù ju ìgbà 150 lọ; àwọn tó kù kò ṣe é. Ara àwọn tó ṣeré gbọ́ràn sí ínsúlíìnì sí i, ọ̀rá inú ikùn wọn sì dín kù. Àǹfààní ti àwọn oníṣẹ́jú ogójì ló pọ̀ jù.

Àwọn kan ń sọ pé ìrìn jẹ́jẹ́ ló ń jó ọ̀rá jù. Òótọ́ ni pé ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú ohun tí ara ń jó nígbà ìrìn jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó jó láàárín ìṣẹ́jú kan náà kò tó nǹkan. Kò sì sí eré tó lè bo málítì àti bisikíìtì ojoojúmọ́ mọ́lẹ̀.

Ìmọ̀ràn àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ni ọgọ́ta ìṣẹ́jú lójúmọ́ fún ọmọ ọdún 5 sí 17, kí èyí tó le wà nínú rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán lọ́sẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ọmọ tó sanra ń dé ibẹ̀. Iye ìṣẹ́jú ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi kún, kí wọ́n tó fi líle kún un. Kí wọ́n má sọ ọ́ di ìyà rárá: ọmọ tí wọ́n ní kó sáré yí pápá ká nígbà táwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín, eré ìdárayá fúnra rẹ̀ ló máa kórìíra. Ẹni tó ní ikọ́ fée gbọ́dọ̀ rí dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀ èyí tó le. Bí ọmọ bá sì ń tiro, tàbí tí ìbàdí, itan tàbí orúnkún ń dùn ún, kí eré dúró lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Orí egungun itan lè yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀ lára ọmọ tó sanra, pàápàá nígbà ìbàlágà, orúnkún sì ni ìrora rẹ̀ ń gbà jáde nígbà míì.

Láti 1956 dé 1961 ni David Morley, dókítà àwọn ọmọdé, fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Ilẹ́ṣà, tó sì fi káàdì ìwúwo tọpa àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé kí wọ́n lè tètè rí ẹni tó ń rù. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún ọmọ tó sanra náà, bí wọ́n bá ń wọn gíga mọ́ ìwúwo. Ọmọ tó ga sí i tí kílò rẹ̀ kò yí padà láti oṣù mẹ́ta ti ń fọn nìyẹn, bí òbí rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì rí ìyàtọ̀ lára aṣọ rẹ̀.