Títọpa ìdílé ní Kétu: ohun tí ẹnu mọ̀, ohun tí ìwé mọ̀

Ẹni tó bá ń tọpa ìdílé rẹ̀ ní Kétu, ìlú Yorùbá tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí, yóò kan ọdún 1886. Ọdún yẹn ni ogun Dàhómì wọ ìlú, wọ́n fọ́ ọ, wọ́n sì kó àwọn tí wọn kò pa lẹ́rú lọ sí Abomey, olú ìlú Dàhómì. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhómì ni àwọn tó ṣẹ́kù tó padà wá tún ìlú wọn tẹ̀ dó. Ṣàṣà ni ìwé tó dárúkọ ìdílé kan ṣáájú ìpadàbọ̀ yẹn. Ẹnu ló gbé ìyókù wá, ìdí nìyí tó fi yẹ ká dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ká tó dé ọ́fíìsì kankan.

Ìbéèrè ṣe pàtàkì. Bí a bá ní “Níbo la ti wá?”, gbogbo ilé ló máa dáhùn pé Ifẹ̀ ni: Ṣóípàṣán ló kó wọn jáde, wọ́n tẹ̀dó sí Àró, ọba wọn kan tó ń jẹ́ Ẹdẹ ló kó wọn dé Kétu. Ìtàn ìlú nìyẹn. Ohun tó ń ya ilé kan sọ́tọ̀ ni oríkì orílẹ̀, èèwọ̀, òrìṣà tí wọ́n ń bọ, àti orúkọ àwọn tí wọ́n sin sínú ilé. Bí agbo ilé méjì tó jìnnà síra bá ń jẹ́ oríkì kan náà, tí èèwọ̀ wọn sì bára mu, ó ṣeé ṣe kí orísun wọn jẹ́ ọ̀kan. Àwọn àgbà obìnrin ilé ló yẹ ká kọ́kọ́ kí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń fi oríkì kí àwọn ọmọ ilé láràárọ̀, wọ́n sì máa ń rántí ibi tí àwọn ọkùnrin ti gbàgbé. Ká gba ohùn wọn sílẹ̀ lódindi, torí ọ̀rọ̀ tí kò yé wa lónìí lè jẹ́ orúkọ abúlé tí wọ́n ti ṣí kúrò.

Nínú ìwé ìbí àwọn arúgbó, “né vers 1925” (a bí i ní nǹkan bí ọdún 1925) la sábà máa ń rí. Jugement supplétif ni, ìyẹn ìdájọ́ tó dípò ìwé ìbí, ẹ̀rí ẹnu ni ilé ẹjọ́ fi gbé e kalẹ̀, ìfojúdá sì ni ọdún náà. Ọwọ́ akọ̀wé Faransé ni orúkọ ti ń sọnù jù: ṣ di ch, j di dj, u di ou. Adéṣínà di Adéchina, Àjàyí di Adjayi, Ògúndélé di Ogoundélé. Ọmọ bàbá kan náà tún lè ní orúkọ ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí ọ̀kan fi orúkọ bàbá sílẹ̀, èkejì fi ti bàbá bàbá. Àwọn ìwé ìjọba amúnisìn wà ní Archives nationales, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Bí a bá rí ẹjọ́ ilẹ̀ níbẹ̀, òun ló wúlò jù, torí ẹni tó ń jà fún oko ní láti ka bàbá àti bàbá ńlá rẹ̀.

Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò lé lórí ní 1889 pín ilẹ̀ Kétu. Ìmẹ̀kọ bọ́ sí Nàìjíríà, Ìbàdàn la ti ń wá ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lórí ibẹ̀.

Ti àwọn tí wọ́n tà sókè òkun ló ṣòro jù. Síbẹ̀, ilé òrìṣà Alaketu ní Salvador, ní Bahia ní Brazil, ń sọ pé ìdílé ọba Àró ní Kétu ni olùdásílẹ̀ àwọn ti wá, Àró sì wà lára ilé ọba márùn-ún tí Alákétu, ọba Kétu, ti ń jẹ. Ní Freetown (Sierra Leone) àti Havana (Cuba), wọ́n kọ orúkọ àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú sílẹ̀. Orúkọ náà lé ní 91,000, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ, ọjọ́ orí àti ọkọ̀ wà níbẹ̀. Agbo ilé kò sí. Gẹ̀ẹ́sì tàbí Sípéènì ló kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ, nítorí náà ẹni tó gbọ́ Yorùbá gbọ́dọ̀ pè é sókè kó tó lè dá orúkọ mọ̀, kó wá fi í wé èyí tó wà nínú oríkì ilé rẹ̀.