Ọ́ìlì Kombi mi gun 105: ṣé kí n páákì ni?

Ẹnì kan tó ra Kombi Volkswagen àtijọ́ fi géèjì ooru ọ́ìlì sí i. Ó wa mọ́tò náà láti Challenge lọ sí Mókọ́lá n'Ìbàdàn lọ́sàn-án gangan nínú oṣù Kejì. Abẹ́rẹ́ géèjì kúrò ní 70 dígírì Celsius, ó gun 105, àyà rẹ̀ sì já. Àwọn ìbéèrè tó bi mí nìyí, àti ohun tí mo fi dá a lóhùn.

Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, omi ń hó ní 100. Ṣé 105 kò ti pọ̀ jù?

Rárá o. Nínú ẹ́ńjìnì tí afẹ́fẹ́ ń tù, láàárín 80 sí 110 ló yẹ kí ọ́ìlì wà tí mọ́tò bá ti rìn dáadáa. Tí ẹ bá kó ẹrù gun òkè, ó lè kan 120 fúngbà díẹ̀ kó tó padà sílẹ̀. Èyí tó kọjá 120 tí kò sọ̀kalẹ̀ ni kí ẹ dẹ eré sí fún. Tó bá ń lọ sí 130, ẹ páákì, torí ọ́ìlì ti fẹ́lẹ́ débi pé irin lè máa ha irin.

Kódà, ọ́ìlì tí kì í gbóná tó 80 ní wàhálà tirẹ̀. Omi tó ń kóra jọ nínú ẹ́ńjìnì kò ní gbẹ, á pò mọ́ ọ́ìlì, ẹ ó sì rí nǹkan funfun bí ògì lára ìdérí ibi tí ẹ ń da ọ́ìlì sí. Kombi tí wọ́n kàn ń wà dé ṣọ́ọ̀ṣì ìtòsí lọ́jọ́ Sunday ló sábà máa ń nírú ẹ̀.

Kí ló dé tí Corolla mi kì í ṣe báyìí?

Ọ́ìlì Corolla náà ń gbóná, kò kàn ní géèjì tó máa fi hàn yín ni. Irú Kombi yín yìí ò ní rẹdiétọ̀. Fánì tó wà lẹ́yìn ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sára sílíńdà, ọ́ìlì fúnra rẹ̀ sì ń gbé ooru púpọ̀ kúrò. Ọ́ìlì ọ̀hún ò sì ju lítà 2.5 lọ nínú ẹ́ńjìnì 1600cc. Ìdí nìyẹn tí géèjì fi ń tètè gun, tí òwúrọ̀ ọyẹ́ àti ọ̀sán oṣù Kẹta kò fi lè rí bákan náà lójú ẹ̀.

Mẹkáníìkì mi fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì, ó ní ó ti gbóná jù.

Ọwọ́ ò lè sọ ìyẹn. Irin tó bá ti kọjá 60, ọwọ́ èèyàn ò lè dúró lórí ẹ̀. 85 tó dára àti 125 tó burú, bákan náà ni wọ́n ń jóni. Géèjì ni kí ẹ dán wò. Ẹ yọ sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ìyẹn irin kékeré tó ń mọ ooru ọ́ìlì, ẹ so wáyà rẹ̀ àti wáyà áàtì mọ́ ọn, kí ẹ wá ti imú rẹ̀ bọ inú omi tó ń hó. Ó yẹ kó ka nǹkan bí 100. Tó bá ka 120, géèjì yín ló ń parọ́.

Tó bá wá jẹ́ pé òótọ́ ló ń gun 125 ńkọ́?

Ẹ ṣí ẹ̀yìn mọ́tò, kí ẹ wo àwọn páànù dúdú tó yí ẹ́ńjìnì ká. Wọn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àwọn ló pààlà sáàárín afẹ́fẹ́ tútù tí fánì ń fà lókè àti èyí gbígbóná tó ń jáde nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàléńsà. Tí páànù kan ò bá sí, tàbí tí rọ́bà etí rẹ̀ ti jẹ, afẹ́fẹ́ gbígbóná á padà sókè, fánì á sì tún gbé e mì. Mo ti rí Kombi tí wọ́n kùn ní ọ̀dà méjì tó ń dán, àmọ́ tí ẹni tó tú ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti ju páànù abẹ́ sílíńdà nù. Ó dùn mí gan-an. Ẹ wá a dé Àràrọ̀mí, ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò ní Agodi Gate; tí ẹ ò bá rí i, kí páńẹ́ẹ̀lì bítà fi èyí tó wà lára mọ́tò ẹlòmíràn ṣe àwòṣe, kó gé tuntun.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo inú ilé fánì. Tí mọ́tò bá ti pẹ́ lórí ìdúró, eku lè ti kọ́lé sórí kúlà ọ́ìlì, ìyẹn ohun tó ń tu ọ́ìlì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ táímíìnì (ìgbà tí púlọ́ọ̀gì ń tanná) wò, àti kabúrétọ̀, bóyá epo tó ń gbé wọlé ti kéré jù.

Ìwakọ̀ yín náà ńkọ́? Ẹ má fi jíà kẹrin rọra fa mọ́tò gun òkè. Bí ẹ́ńjìnì bá ṣe ń yí ni fánì ṣe ń yí. Tí ẹ́ńjìnì bá ń wọ́, afẹ́fẹ́ á dín kù níbi tí ẹ ti nílò rẹ̀ jù. Ẹ bọ́ sí jíà kẹta, tàbí kejì, kó máa pariwo.

Ṣé gbogbo Kombi ló rí báyìí?

Rárá. Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1950, ó sì di àwọn ọdún 1980 kí wọ́n tó gbé èyí tí omi ń tù jáde. Ti Brazil ṣì ń lo afẹ́fẹ́ títí di 2005.

Iná wo lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ló gbọ́dọ̀ dá mi dúró lójú ẹsẹ̀?

Iná ọ́ìlì, àti iná pupa jẹnẹrétọ̀, ìyẹn èyí tó ń gba iná sí bátìrì mọ́tò. Èyí kejì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fojú di, wọ́n á ní bátìrì á gbé àwọn délé. Bẹ́lítì kan náà ló ń yí jẹnẹrétọ̀ àti fánì. Tó bá já, mọ́tò á ṣì máa lọ, ṣùgbọ́n kò sí afẹ́fẹ́ kankan mọ́. Ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ pa á, bó ti wù kó jẹ́ àárín ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lẹ wà. Ẹ máa gbé bẹ́lítì kan, sípánà 21 àti sukurudíráfà ńlá tí ẹ ó fi dá púlì dúró sínú mọ́tò. Tí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́lítì tuntun náà láàárín, kó wọlé ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀. Tó bá dẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ yọ wáṣà kan kúrò láàárín púlì.