Ibi tí pósítà àpérò ti ṣẹ̀: ẹ má yọ Ṣómólú sílẹ̀

Bí ẹ bá bi àwọn ọ̀mọ̀wé wa léèrè ibi tí pósítà àpérò, ìyẹn bébà ńlá tí onímọ̀ fi ń ṣàfihàn ìwádìí rẹ̀ níbi ìpàdé, ti ṣẹ̀, Minneapolis ni wọ́n á sọ. Lóòótọ́, ọdún 1974 ni àwọn onímọ̀ bàyókẹ́mísírì Amẹ́ríkà lẹ iṣẹ́ ìwádìí wọn mọ́ pátákó níbẹ̀, torí àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ti pọ̀ ju àkókò lọ. Àwọn mìíràn á ní Yúróòpù ti ṣe é ṣáájú. Kí wọ́n máa jà á láàárín ara wọn. Ọgbọ́n tó ń mú kí pósítà sọ̀rọ̀ ni èmi ń wá, ìyẹn ò sì jìnnà sí wa.

Àrokò, ìyẹn nǹkan tí a fi ń ránṣẹ́ láìkọ̀wé, ni mo kà sí baba rẹ̀. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a sín sórí okùn ń sọ fún ẹni tó gbà á pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ fà mọ́ ọn. Mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Láti Ìjẹ̀bú ni irú rẹ̀ ti máa ń wọ Èkó, ẹni tó gbé e wá lè má mọ ohun tó ń sọ rárá. Nǹkan díẹ̀, àyè láàárín wọn, ọ̀rọ̀ kan péré. Nígbà tí Robert Campbell gbé ìwé ìròyìn Anglo-African jáde l'Ékòó ní 1863, ta ló ní kì í ṣe ọmọ àwọn tó ń tú àrokò ló lọ kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé? Èmi ò rí i kà níbì kan, àmọ́ mo gbà bẹ́ẹ̀.

Pósítà òkú ló tẹ̀ lé e. Ẹ wo èyí tó wà lára ògiri ní Ìsàlẹ̀ Èkó: fọ́tò màmá pẹ̀lú gèlè, orúkọ gàdàgbà, ọjọ́ orí gàdàgbà. Ẹni tó wà nínú dánfó á ka ìyẹn. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn á rí ọjọ́ ìsìnkú. Ẹni tó bá dúró pátápátá ló máa ka orúkọ àwọn ọmọ àti ibi tí wọ́n ti máa jẹun. Kí ni pósítà ìwádìí tún fẹ́ ju ìyẹn lọ?

Ṣómólú, àdúgbò àwọn atẹ̀wé l'Ékòó, ló so pósítà òkú àti ti ìwádìí pọ̀, torí kò jìnnà sí Akoka tí Yunifásítì Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, wà. Akẹ́kọ̀ọ́ á kó odindi iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wá, pé kí wọ́n rọ́ ọ sínú bébà ńlá A0. Ọmọkùnrin tó jókòó ti CorelDRAW, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, á wò ó: "Àǹtí, ta ló fẹ́ dúró ka gbogbo eléyìí?" Á gé ọ̀rọ̀ dànù, á fẹ àwòrán lójú, á jẹ́ kí ibi funfun wà, lẹ́tà ò ní kéré sí pọ́ńtì 24. Lẹ́yìn náà á tẹ̀ ẹ́ sórí A4 kó wò ó: bí ojú bá ń fún pọ̀ kó tó lè kà á, yóò tún un ṣe. A4 kéré sí A0, tó jẹ́ mìlímítà 841 sí 1189, àmọ́ ìrísí àwọn méjèèjì bára mu. Ti àwọn ará Jámánì nìyẹn, láti 1922, mi ò bá wọn du ú.

Flex, ìyẹn rọ́bà tí wọ́n ń tẹ̀wé sí, dé, pósítà aṣọ náà dé. Ní 2019 ni Mike Morrison, ará Amẹ́ríkà, ní kí àwọn onímọ̀ kọ àbájáde wọn gàdàgbà sáàárín pósítà, kí wọ́n sì fi QR code sí i. Gbogbo ayé pàtẹ́wọ́. Gàdàgbà ti wà l'Ísàlẹ̀ Èkó tipẹ́. QR code yẹn náà, Japan ló ti wá, ní 1994.