Ogún Ámpíà Tí Wọ́n Kọ Sára Súwíìṣì

Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ pé bí iye ámpíà (ìwọ̀n iná tí ń gba inú wáyà) tí wọ́n kọ sára súwíìṣì bá ti ju iye tí ẹ̀rọ ń fà lọ, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ní Òṣogbo níbí, láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta ohun èlò iná ní agbègbè Ọjà-Ọba títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Òkè-Fíà, èsì kan náà ni wọn yóò fún yín: "Bọ̀dá, ogún ni wọ́n kọ sí èyí, ẹ̀rọ yín ò sì lè fa mẹ́wàá." Òótọ́ ni iye méjèèjì, ohun tí wọ́n fi ń gbè lẹ́sẹ̀ ni kò dúró.

Èmi náà ra irú súwíìṣì bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀rọ tí ń fa omi kànga ilé mi, mọ́tò hóòsì kan àbọ̀. Nígbà tí ó yá, mo tẹ̀ ẹ́ pa ní àárọ̀ ọjọ́ kan, omi kò dá. Táńkì kún, ó ń ṣàn sílẹ̀, súwíìṣì náà sì wà ní pípa. A já iná láti ìdí mítà, a tú u. Irin kékeré méjì tí ó yẹ kí wọ́n ya ara wọn ti yọ́ lẹ̀ mọ́ra, wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò.

Irú mọ́tò yẹn ń fa nǹkan bí ámpíà 8 tàbí 9 bí ó bá ń yí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, ó lè fa ìlọ́po 5 sí 8 iye yẹn, ìyẹn ámpíà 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí iná ìjọba bá sì wálẹ̀, ìgbéra náà á tún pẹ́ sí i. Bí ẹ bá ń pa á, wáyà tí wọ́n lọ́ sínú mọ́tò kì í jẹ́ kí iná dúró lẹ́ẹ̀kan. Iná máa ń fò láàárín irin méjèèjì kí ó tó kú. Títàn ń jó irin, pípa náà ń jó o.

Àwọn tí ń ṣe kọ́ńtákítọ̀, súwíìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń tàn tí ó sì ń pa, kò fi èyí pa mọ́. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan nínú àwọn kékeré tí ó wọ́pọ̀: ẹ lè rí 25 ní iwájú AC-1, kí ẹ rí 9 ní iwájú AC-3. Ẹrù jẹ́ẹ́jẹ́ bíi híítà ni AC-1 ń tọ́ka sí. Mọ́tò tí a tàn láti ojú kan, tí a sì pa nígbà tí ó ń yí, ni AC-3. (AC yìí kì í ṣe ẹ̀rọ amúlétutù o.) Ẹni tí ó ka 25 tí ó fojú fo 9 kò tíì ka nǹkan kan.

Ibi tí àwọn tí ń gbójú lé ogún yìí máa ń sá sí lẹ́yìn èyí ni amúlétutù gan-an. Wọ́n á ní súwíìṣì ogún yìí kan náà ni gbogbo ayé fi ń tan amúlétutù, ṣé kì í ṣe mọ́tò ni ó wà nínú rẹ̀ ni? Mọ́tò ni. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, súwíìṣì ara ògiri kọ́ ni ó ń gbé e dìde. Ẹ̀rọ náà ní ohun tí ń já iná tí ó sì ń so ó nínú ara rẹ̀, òun ni ó ń jẹ ìyà náà. Ti ògiri ti wà ní títàn kí mọ́tò tó gbéra, àwọn ènìyàn sì sábà máa ń fi rìmóòtù pa á kí wọ́n tó fọwọ́ kan ògiri. Ẹ̀rọ omi tiwa kò ní irú ohun tí ń bá súwíìṣì jẹ ìyà bẹ́ẹ̀. Mo ti ṣe àlàyé yìí títí, ẹni tí mo ń ṣe é fún á mi orí, á sì tún bèèrè bóyá súwíìṣì ámpíà ọgbọ̀n á wá tó.

Iná gbọ̀ngàn pẹ̀lú kò yàtọ̀ púpọ̀: ogún gílóòbù LED tí iná tí àpapọ̀ wọn ń fà kò tó ti áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ kan lè gbé iná ńlá mì lójijì nígbà tí ẹ bá tàn wọ́n pa pọ̀.

Ní ti ilé ẹ̀rọ ata àti ti gàrí, ogún tàbí ọgbọ̀n kò sọ nǹkan kan nípa omi àti ìyẹ̀fun. IP, àmì tí ń sọ bí àpótí súwíìṣì ṣe ń dènà eruku àti omi, ni ẹ ó wò. Nínú IP65, 6 ni pé eruku kò lè wọlé, 5 ni pé omi tí a fi rọ́bà wọ́n sí i kò ní pa á lára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra irú àpótí bẹ́ẹ̀, tí ó wá fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí wáyà lè gbà á kọjá, àpótí lásán ni ó rà.

N kò sọ pé gbogbo súwíìṣì ogún ni yóò jó. Mọ́tò ààbọ̀ hóòsì tí a ń tàn lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ lè lò ó fún ọdún púpọ̀, àwọn súwíìṣì kan sì wà tí wọ́n kọ iye hóòsì tí wọ́n lè gbé sára wọn. Fún èyí tí kò ní i, ó jọ pé ohun tí ó dára jù ni kí súwíìṣì ògiri kàn máa pàṣẹ fún kọ́ńtákítọ̀. Kí ẹ má sì lo súwíìṣì tí wọ́n ṣe fún iná ìjọba nìkan lórí wáyà páánẹ́ẹ̀lì sólà: iná ìjọba ń kú lọ sí òdo ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni ó ń bá irin pa iná tí ń fò; ti sólà kì í kú bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ tú ẹ̀rọ omi yín, ẹ má wo ojú súwíìṣì pé ó wà ní pípa. Ẹ já iná ní ìdí mítà, kí ẹ fi tẹ́sítà wo wáyà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.